Ọmọ mi fẹ́ kọ̀wé lórí ọ̀sà Èkó

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin òbí. Kánádà la wà. Olùkọ́ ní kí ọmọ mi obìnrin kọ̀wé nípa omi ńlá kan àti àǹfààní rẹ̀ fún agbègbè tó yí i ká. Adágún ibí yìí ni gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ mú, òun ní tilé lòun fẹ́. Mo rò ó pé kó mú ọ̀sà Èkó, torí à ń bọ̀ nílé lóṣù Kejìlá. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ìlú Ọba lèmi ń gbé, àmọ́ Èbúté Mẹ́ta ni wọ́n ti tọ́ mi. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ yé e pé ọ̀nà ni ọ̀sà yẹn. Gígùn rẹ̀ ju kìlómítà 50 lọ. Kí títì tó pọ̀, orí omi lọjà ń gbà láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin) àti Àgbádárìgì wọ Èkó, títí dé Ẹ̀pẹ́ àti ọ̀dọ̀ àwọn Ìlàjẹ. Gẹdú pàápàá, ńṣe ni wọ́n ń so ó pọ̀ tí wọ́n á fà á lójú omi láti igbó Oǹdó wá síbi tí wọ́n ti ń la pákó l'Ébùúté Mẹ́ta.

Tẹ́ ẹ bá gba orí afárá Third Mainland láti Òwòróǹṣókí lọ sí Erékùṣù, kó jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún. Yóò rí àwọn ilé tó dúró lórí òpó igi nínú omi ní Makoko. Èéfín tó ń rú níbẹ̀, ẹja làwọn obìnrin ń yan. Àwọn Ègùn pọ̀ níbẹ̀, ẹbí wọn sì wà ní orílẹ̀-èdè Benin títí dòní. Kó kọ ìyẹn dáadáa, torí ibẹ̀ lolùkọ́ rẹ̀ á ti rí i pé omi náà kì í ṣe ti Èkó nìkan.

Ti iyọ̀ ni mo fẹ́ràn jù. Ọ̀sà kì í ṣe adágún tó dá dúró o, ẹnu rẹ̀ ṣí sí òkun. Lásìkò òjò, odò Ògùn àti Ọ̀ṣun á da omi sí i títí iyọ̀ rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Koríko ojú omi tó gba ọ̀nà Àgbádárìgì wọlé ní 1984 á wá bò ó, ọkọ̀ ò ní rọ́nà kọjá. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, iyọ̀ òkun á wọlé, koríko á kú.

Ẹ gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìkòròdú lọ sí Erékùṣù. Kó wọ jákẹ́ẹ̀tì ojú omi, ẹ má gbà fún ọlọ́kọ̀ tó bá ní kò pọn dandan. Tẹ́ ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ mú un lọ sọ́jà, kó fẹnu ara rẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ẹlẹ́ja: èwo ló ti Ẹ̀pẹ́ wá, èwo ló ti òkun wá?