Búrọ́ọ̀ṣì kíkìsítátà tó ń tètè jẹ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹ pààrọ̀ búrọ́ọ̀ṣì kíkì bọ́ọ̀sì yín l'Adó, ìyẹn ègé kékeré tó ń gbé iná wọ inú kíkì, ẹ̀rọ tó ń ta ẹ́ńjìnnì jí; kò pẹ́ tó tún fi jẹ tán, ẹ wá ń bèèrè bóyá ayédèrú ni wọ́n tà fún yín. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nínú àwọn tí mò ń tú ní ṣọ́ọ̀bù mi n'Íkẹ̀rẹ́, èyí tí wọ́n gé lára búrọ́ọ̀ṣì ẹ̀rọ mìíràn ló pọ̀ jù.

Ẹ fi fáìlì ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ti kíkì máa ń pọ́n, torí ìyẹ̀fun kọ́pà ló pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n wá po gíráfáìtì (ohun dúdú bíi ti inú pẹ́ńsù) mọ́ ọn. Bátìrì fóòtì 12 ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n áńpù, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń ṣàn, tí kíkì ń fà lè ju 100 lọ dáadáa. Kọ́pà ló ń gbé iná yẹn, gíráfáìtì ló ń jẹ́ kó máa yọ̀ lórí ámáṣọ̀, ìyẹn irin tó ń yí nínú kíkì. Bó bá dúdú látòkèdélẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ẹ̀rọ fáìlìn tí àwọn wẹ́dà fi ń ha irin, tó ń lo iná fóòtì 220. Ìyẹn máa ń dí iná lọ́wọ́: á gbóná, kíkì á máa yí wọ́ọ́wọ́ọ́, búrọ́ọ̀ṣì á sì rún. Ẹ má dán òdìkejì rẹ̀ wò o! Bí ẹ bá ki oní-kọ́pà bọ ẹ̀rọ fáìlìn, iná á máa ta pàràpàrà, ámáṣọ̀ lẹ máa rà.

Àwọn kan á ní kí ẹ ra èyí tó le jù kó lè pẹ́. Èmi ò fara mọ́ ọn. Búrọ́ọ̀ṣì ló yẹ kó jẹ, kì í ṣe ámáṣọ̀, torí òun ni owó rẹ̀ kéré.

Sípíríǹgì tó ń tẹ búrọ́ọ̀ṣì mọ́ ámáṣọ̀ gan-an ló ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà. Wọ́n rò pé bó bá dẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ò ní tètè jẹ. Irọ́ ni. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa, búrọ́ọ̀ṣì á máa ta kúrò lójú ámáṣọ̀, iná á máa ṣẹ́ síbẹ̀, iná yẹn sì ń jẹ ẹ́ ju ìfarara lọ. Sípíríǹgì tó ti gbóná rí ti rọ̀, ẹ má dá a padà.

Bí ámáṣọ̀ bá ní àwọ̀ búráùn tó ń dán, ẹ fi sílẹ̀, ẹ má fi sáńpépà bó o. Ohun tí búrọ́ọ̀ṣì ń yọ̀ lé nìyẹn. Bó bá jóná dúdú, sáńpépà kíkúnná ni kí ẹ fi nù ún, kì í ṣe ẹ́mẹ́rì tí wọ́n fi ń ha irin.

Ẹ tún wò ó bóyá ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń jò wọ inú kíkì. Bí òun àti eruku ọyẹ́ bá pàdé, búrọ́ọ̀ṣì á há sínú ilé rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ámáṣọ̀ ránṣẹ́ kí n wò ó.