Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó ń ṣọ́wó ná àti ahun?

Ìyàtọ̀ náà kò sí nínú iye owó tí ènìyàn fi pamọ́. Inú ohun tí ó ń fi owó náà ṣe nígbà tí àìní bá dé ni ó wà. Ẹni tó ń ṣọ́wó ná ní ìdí tí ó fi ń dín ìnáwó rẹ̀ kù, ṣùgbọ́n ní ti ahun, owó pípamọ́ gan-an ni ìdí.

Ẹ wo ìyá oníṣòwò kan tí ó ń dá àjọ 1,000 náírà lójoojúmọ́. Ní òpin oṣù ọlọ́jọ́ 30, alájọ yóò mú owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀, yóò sì kó 29,000 náírà fún un. Bí ìyá yìí bá kọ̀ láti ra aṣọ ẹbí nítorí pé owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ni ó ń kó jọ, àwọn kan lè pè é ní ahun, èyí tí mo kà sí àṣìpè gbáà, nítorí ara rẹ̀ ni ó ń fi nǹkan dù kí ọmọ lè rí i lò. Ṣùgbọ́n bí ó bá kó àjọ tán, tí ọmọ kan náà dùbúlẹ̀ àìsàn, tí kò sì jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí owó má baà dín, ahun ni.

Ẹ tún wo ẹni tí ń jẹ ìyà owó tí a kò ná: ahun a máa fa owó ọ̀yà alágbàṣe rẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tí ẹni tó ń ṣọ́wó ná a máa san gbèsè rẹ̀ pé.