Màlúù oníwàrà Shonga

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Gwagwalada ni mò ń gbé. Báwo ni àwọn àgbẹ̀ Sìmbábúè ṣe dé Shonga ní ìpínlẹ̀ Kwara, ṣé mo lè ra irú màlúù wọn?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun o. Àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun tí wọ́n pàdánù ilẹ̀ wọn ní Sìmbábúè ni. Ìjọba Kwara lábẹ́ Bukola Saraki, gómìnà ìgbà náà, ló pè wọ́n. Àwọn 13 ló wá, ilẹ̀ bí 1,000 hẹ́kítà ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan nítòsí odò Ọya. Díẹ̀ nínú wọn ló dojú kọ wàrà. Àwọn yòókù di olóko àti aládìyẹ.

Ẹ má tíì ra màlúù òkèèrè. Ooru àti eégbọn máa ń ṣe é ní jàǹbá. Abo Bunaji, màlúù funfun àwọn Fúlàní, ni kí ẹ rà, kí dókítà ẹran fi àtọ̀ Jersey, irú màlúù oníwàrà òkèèrè, sí i.

Oúnjẹ ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ló ń lé èèyàn nídìí iṣẹ́ yìí. Màlúù 400 kìló nílò oúnjẹ gbígbẹ tó 10 sí 12 kìló lójúmọ́, àti omi tó ju 50 lítà lọ. Láti tọ́jú oúnjẹ ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ gé àgbàdo nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣì rọ̀ bí ẹ̀kọ, ẹ gé e wẹ́wẹ́ sí bíi sẹ̀ǹtímítà 2, ẹ kó o sí kòtò, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbagidi, kí ẹ fi ọ̀rá àti iyẹ̀pẹ̀ bò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí atẹ́gùn bá wọ̀ ọ́, yóò bu. Ẹ má fi èyí tó bu fún màlúù tó lóyún, oyún lè bàjẹ́.

Lákòókò òjò, ẹ máa fọ́n oògùn eégbọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ní pàtàkì sí etí àti abẹ́ ìrù.