Ẹ Bi Ìyá Ẹlẹ́ran: Màlúù mi ń yó, síbẹ̀ wọ́n ń rù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni mo ra akọ màlúù mẹ́jọ ní ọjà Akínyẹlé, mo fẹ́ tà wọ́n nígbà Iléyá. Inú ọgbà koríko mi lẹ́yìn Mọ́níyà ni wọ́n ti ń jẹ. Látìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni eegun ìhà wọn ti ń yọ. Mo ń da èèpo ẹ̀gẹ́ fún wọn láràárọ̀, ikùn wọn ń kún, ṣùgbọ́n wọn ò sanra. Ti méjì nínú wọn tiẹ̀ burú jù. Ṣé kí n fi kún èèpo náà ni? *Bàbá Ìbejì, Mọ́níyà.*

Ìdáhùn: Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ẹran o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kún un.

Ṣàkì tí ẹ máa ń rí lórí àtẹ alápatà, ibẹ̀ ni koríko kọ́kọ́ ń lọ. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú ò lè rí ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fọ́ koríko náà, purotéènì ni wọ́n sì fi ń ṣiṣẹ́. Tí purotéènì inú oúnjẹ bá ti wálẹ̀ ju nǹkan bí 7 nínú 100 lọ, iṣẹ́ wọn á falẹ̀, koríko á kàn jókòó síbẹ̀. Ikùn á kún, ara ò ní rí nǹkan kan gbà. Koríko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lásìkò òjò lè ju 10 lọ. Èyí tí ọyẹ́ ti gbẹ lè má tó 5. Èèpo ẹ̀gẹ́ náà, nǹkan bí 5 ni. Àìtó lẹ fi ń kún àìtó. Tí èèpo bá sì ti pọ̀ jù, wọn ò ní fẹ́ jẹ koríko mọ́.

Ẹ wo ìgbẹ́ wọn láàárọ̀ ọ̀la. Tó bá le, tó to ara rẹ̀ ní ìpele-ìpele, tí ẹ fi igi tú u tí ẹ rí fọ́nrán koríko gígùn nínú rẹ̀, purotéènì ò tó nìyẹn. Tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, tó rọ̀ díẹ̀, tí àárín rẹ̀ jìn, nǹkan ń lọ déédéé. Ibi tí wọ́n bá ti pè mí wá wo ẹran, ilẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Ẹ wá PKC, ìyẹn ohun tó kù lára èkùrọ́ tí wọ́n ti fún àdín rẹ̀. Kìlò kan PKC àti kìlò kan èèpo gbígbẹ lójúmọ́ tó láti gbé màlúù oníwọ̀n 250 kìlò ró, koríko ni kó ṣì jẹ́ oúnjẹ rẹ̀ gan-an. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi bí ọ̀sẹ̀ méjì gbé e dé ibẹ̀. Oúnjẹ oníyẹ̀fun tó bá ya wọlé lójijì máa ń jẹ́ kí inú ṣàkì kan, ẹran á yàgbẹ́ gbuuru, ó sì lè kú.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù kò lówó nínú: ewé agúnmaniyè, igi tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń sọ ọgbà. Purotéènì inú rẹ̀ ju 20 nínú 100 lọ. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ILCA, ilé ìwádìí ẹran ọ̀sìn ilẹ̀ Áfíríkà, ní Ìbàdàn níbí gbìn ín sáàárín oko, wọ́n ń gé e fún àgùntàn àti ewúrẹ́. Òórùn rẹ̀ lè lé màlúù tí kò jẹ ẹ́ rí, nítorí náà ẹ gé e nírọ̀lẹ́, kó rọ mọ́jú, kí ẹ wọ́n omi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Kìlò mẹ́ta sí mẹ́rin fún ẹyọ kan dára.

Ní ti èèpo, tútù rẹ̀ ní oró nínú. Ẹ sá a sórí sìmẹ́ńtì títí á fi máa ṣẹ́ kàkà lọ́wọ́. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i tí wọ́n ń fún ẹran ní èyí tó ti bu. Ẹ dà á nù, iye àpò yòówù kó jẹ́. Àwọn ILRI, ilé ìwádìí ẹran ọ̀sìn àgbáyé, tó wà nínú ọgbà IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Ìbàdàn, ti fi hàn pé tí a bá lọ èèpo náà, tí a sì fún omi rẹ̀ dànù, ó lè gbẹ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ tí àwọn onígàrí fi ń lọ ẹ̀gẹ́ lè ṣe é.

Iyọ̀ lílá àti omi mímọ́ kò gbọdọ̀ wọ́n wọn. Màlúù kan lè mu 30 sí 50 lítà lóòjọ́ nínú ooru. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi yúríà, ajílẹ̀ funfun yẹn, kún oúnjẹ, ẹ kọ̀, àfi tí dókítà ẹran bá wọ̀n ọ́n fún yín. Wákàtí díẹ̀ ni àṣìwọ̀n rẹ̀ fi ń pa màlúù.

Àwọn méjì tó burú jù yẹn, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ lónìí, torí àwọn alágbára á máa kàn wọ́n kúrò nídìí oúnjẹ. Kí dókítà ẹran yẹ ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ wọn wò, bóyá aràn ni tàbí àrùn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, kí ẹ tó náwó PKC lé wọn lórí.