Ìbéèrè Òǹkàwé: Kọ́ìlì Tesla Àfọwọ́ṣe

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọjọ́ sáyẹ́ǹsì ń bọ̀ nílé ìwé wa, èmi àti ọ̀rẹ́ mi sì fẹ́ ṣe kọ́ìlì Tesla, ẹ̀rọ oníwáyà wíwé tó ń sọ iná kékeré di iná gíga tó lè fò nínú afẹ́fẹ́. A ti ra transifọ́mà inú máíkírówéèfù kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ẹnì kan ní iná kọ́ìlì náà kì í pa èèyàn, pé orí awọ ló ń gbà kọjá. Ṣé òótọ́ ni? — Akẹ́kọ̀ọ́ SS2, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ dá transifọ́mà yẹn padà lónìí. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n sọ fún yín, díẹ̀ yẹn ló sì léwu jù. Iná orí kọ́ìlì ń yí padà lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, débi pé iṣan ara kì í mọ̀ ọ́n lára bó ṣe ń mọ iná NẸ́PÀ, tó ń yí padà ní ìgbà 50 péré. Síbẹ̀ ó ń jó ẹran ìka, nígbà mìíràn kí ẹ tó mọ̀ pé ó ń jó.

Ṣùgbọ́n iná tí ojú ń rí yẹn kọ́ ló léwu jù. Èyí tó wà nísàlẹ̀, tó ń bọ́ kọ́ìlì, ni ẹ máa bẹ̀rù. Iná ìgbà 50 ni transifọ́mà máíkírówéèfù ń tú jáde, nǹkan bíi fóòtì (volt) 2,000, ó sì lè tú ìdajì amp jáde, ìyẹn òṣùwọ̀n bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó. Ìdá kan nínú mẹ́wàá amp tó gba àyà kọjá ti tó láti da lílù ọkàn rú. Bí iná òkè bá ṣèèṣì ta kan kọ́ìlì ìsàlẹ̀ nígbà tí ọwọ́ yín wà nítòsí, ọ̀nà ti là fún un nìyẹn. Fíùsì àti bíréékà ilé kò ní mọ̀ pé nǹkan ṣe ẹnikẹ́ni, nítorí iná tó kéré ni lójú tiwọn. Kapásítọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ transifọ́mà náà lè di iná mú lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ẹ̀rọ kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ẹ má tú máíkírówéèfù kankan wò.

Èyí tí ẹ lè ṣe ń lo bátìrì àti tiransísítọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ wá tiransísítọ̀ BD139 méjì (ọ̀kan máa jóná, ẹ má tan ara yín jẹ), resístọ̀ 22 kilo-ohm kan (òun ló ń dín iná kù), LED pupa kan (gílóòbù kékeré), fíùsì 1 amp pẹ̀lú ilé rẹ̀, bọ́tìnnì tó jẹ́ pé ìgbà tí ìka bá tẹ̀ ẹ́ nìkan ló ń gba iná kọjá, bátìrì AA alkaline mẹ́jọ nínú àpótí wọn, ìyẹn fóòtì 12, pípù PVC tí ìta rẹ̀ fẹ̀ ní 32 mm tó sì gùn ní sẹ̀ǹtímítà 16, àti mítà kan wáyà iná ilé 1.5 mm. Ti wáyà kọ́pà tín-ín-rín, ẹ lọ bá àwọn tó ń wé kọ́ìlì mọ́tò àti fáànù, kí ẹ béèrè gauge 33. Bí ẹ bá rí AWG 30 lára róòlù, ẹ má jà: òǹkà Amẹ́ríkà nìyẹn, méjèèjì fẹ̀ ní nǹkan bíi 0.25 mm. Mítà 40 ó lé díẹ̀ ni ẹ máa lò, kò sì wúwo tó giráàmù 20. Tó bá jẹ́ ìwọ̀n ni wọ́n fi ń tà á, giráàmù 50 á ṣe méjì.

Wíwé kọ́ìlì yìí ni gbogbo iṣẹ́. Ẹ nu pípù títí tí yóò fi gbẹ, ẹ lu ihò kékeré sí sẹ̀ǹtímítà 2 láti ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ ki orí wáyà gba ibẹ̀. Ẹ wá máa wé e, kí wáyà kan fara ti èkejì, kí àtàǹpàkò máa tì í wálẹ̀, títí yóò fi pé ìgbà 400. Gíga rẹ̀ á sún mọ́ sẹ̀ǹtímítà 11. Ní ìgbà 50 kọ̀ọ̀kan, ẹ fi sẹ́lótéèpù dì í mú, torí tí ọwọ́ bá yẹ̀, gbogbo rẹ̀ á tú, ẹ ó sì gbàgbé iye tí ẹ ti kà. Wáyà kan kò gbọdọ̀ gun òmíràn. Fóòtì tó wà láàárín wáyà méjì tó fara ti ara wọn kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n èyí tó fò padà sórí èyí tí ẹ ti wé tẹ́lẹ̀ ń bá fóòtì púpọ̀ pàdé, iná á lu fáníìṣì ara rẹ̀, ẹ ó sì rí àmì dúdú kan bí orí abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Ẹ fi kútẹ́ẹ̀sì kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kó gbẹ di ọjọ́ kejì.

Ẹ yí wáyà 1.5 mm ká ẹsẹ̀ pípù nígbà mẹ́ta, kí àyè tó tó 8 mm wà láàárín wọn; kọ́ìlì ìsàlẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi fọ́ìlì wé bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì orí tábìlì, kí ẹ so ó mọ́ orí wáyà tín-ín-rín lókè. Iná bátìrì ń gba fíùsì, lẹ́yìn náà bọ́tìnnì, ó wá wọ etí kan kọ́ìlì ìsàlẹ̀. Etí kejì lọ sí collector, ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ mẹ́ta BD139; base àti emitter ni méjì yòókù. Resístọ̀ ti ibi bọ́tìnnì lọ sí base. Ìdí wáyà tín-ín-rín náà lọ sí base. Ẹsẹ̀ kúkúrú LED wà lára base, èyí tó gùn wà lára ìdí bátìrì (négétífù), níbi tí emitter náà wà. LED kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán, ó ń dáàbò bo base: iná tó ń padà láti kọ́ìlì lè fọ́ base, tí kì í gba ju fóòtì 5 lọ láti ẹ̀yìn. Kò nílò wáyà tó wọ ilẹ̀, ẹ má so ó mọ́ páìpù omi.

Ẹ tẹ bọ́tìnnì, kí ẹ sún gílóòbù enájì sévà mọ́ bọ́ọ̀lù náà. Á tàn lọ́wọ́ yín láìfara kàn án. Ìṣẹ́jú-àáyá 30 lẹ́ẹ̀kan, ó tó.

Mo ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Tiransísítọ̀ gbóná fòò, gílóòbù kò sì tàn. — Olùkọ́ fisíìsì, Ọ̀yọ́

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Nínú irú èyí, ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń fura sí ni etí kọ́ìlì ìsàlẹ̀. Ẹ pààrọ̀ wọn: kí èyí tó wà lára collector lọ sí bọ́tìnnì, kí èkejì wá sípò rẹ̀. Tí wọ́n bá wà lódìkejì, ohun tó yẹ kó ti tiransísítọ̀ síwájú ló ń fà á sẹ́yìn, á kàn jókòó sójú kan, á máa gbóná.

Bí kò bá tíì tàn, ẹ yẹ ẹsẹ̀ BD139 wò. Tí ẹ bá kọjú sí ìwé ara rẹ̀, tí ẹsẹ̀ wọlẹ̀, emitter ló wà lósì, collector láàárín, base lọ́tùn-ún. Irin ẹ̀yìn rẹ̀ àti collector ọ̀kan náà ni, nítorí náà pẹlẹbẹ alumíníọ́mù tí ẹ bá fi tù ú lára kò gbọdọ̀ kan nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi sáńpépà ha fáníìṣì kúrò ní orí wáyà méjèèjì; ọ̀pọ̀ ló ń jó sódà lé fáníìṣì lórí, tí wọ́n á ní àwọn ti so ó. LED náà ń sọ̀rọ̀: tó bá tàn nígbà tí ẹ tẹ bọ́tìnnì, kọ́ìlì ń ṣiṣẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ gílóòbù yín ló bàjẹ́. Bí mítà tó ń wọn iná bátìrì bá fi ju ìdajì amp hàn, ẹ tú bọ́tìnnì sílẹ̀. Ẹ má fi mítà wọn orí kọ́ìlì rárá, á bá a lọ.

Ṣé a lè fi kọ́ìlì yìí gbé iná wọlé láìlo wáyà, ká bọ́ lọ́wọ́ NẸ́PÀ? — Òǹkàwé kan, Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́

Nikola Tesla, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe kọ́ìlì yìí, gbìyànjú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ṣe kọ́ìlì ńlá kan ní Colorado Springs ní Amẹ́ríkà ní 1899, ó sì bẹ̀rẹ̀ ilé gogoro Wardenclyffe nítòsí New York ní 1901. Owó tán, wọ́n wó ilé gogoro náà ní 1917. Ti kọ́ìlì tiwa yìí, fóòtì 12 ní ìdajì amp, wáàtì 6 ni gbogbo rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ló sì ń di ooru. Ẹ ṣì máa ra epo sí jẹnẹrétọ̀.

Rédíò mi ń pariwo tí ọmọ mi bá tan nǹkan yìí. Ṣé ó ń ṣe èèyàn ní nǹkan? — Ìyá ọlọ́jà, Ògbómọ̀ṣọ́

Rédíò kò bàjẹ́, mà. Kọ́ìlì ń pariwo sí i bí ẹni ń kígbe létí. Tó bá pa á, ó parí. Kó gbé fóònù jìnnà sí i ní mítà kan. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, tàbí tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí lọ́kàn, kó má jókòó sínú yàrá náà rárá. Kó ṣí fèrèsé, kó sì yọ bátìrì kó tó lọ sùn.