Kí ni ọ́físà tó ń ṣọ́ ọkọ̀ òkun ń ṣọ́ gan-an?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní Ìwọ̀pin níbí, ojú la fi ń wa ọkọ̀ lórí ọ̀sà. Ọmọ mi tó wà nílé-ẹ̀kọ́ àwọn atukọ̀ ní Oron ní òun máa di ọ́físà tó ń ṣọ́ ọkọ̀ ńlá. Nígbà tí ẹ̀rọ ti ń darí ọkọ̀, kí ló kù tó máa ṣọ́? (Ìyá kan, Ìwọ̀pin)

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ̀rọ ìdarí mọ ọ̀nà tí wọ́n ní kó tọ̀. Kò mọ̀ pé ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀. Èyí ni ọmọ yín máa ṣọ́.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ọ́físà mẹ́ta ló ń pín ìṣọ́: wákàtí 4 lẹ́nu iṣẹ́, wákàtí 8 kúrò níbẹ̀, tọ̀sán tòru. Lóru, ẹni tó fẹ́ gbaṣẹ́ gbọ́dọ̀ tètè gòkè sí yàrá ìdarí ọkọ̀ kí ojú rẹ̀ lè bá òkùnkùn mu. Bí ẹni tó wà níbẹ̀ bá ń yà fún ọkọ̀ kan lọ́wọ́, kó parí rẹ̀ ná.

Ibi tí iṣẹ́ wà rèé. Bó bá rí iná ọkọ̀ kan lókèèrè, yóò fi kọ́ńpáàsì wo ìhà tó wà: ká ní dígírì 050. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ó tún wò ó: 050. Ẹ̀ẹ̀kẹta, 050 náà ni, ọkọ̀ ọ̀hún sì ń sún mọ́ra. Ìkọlura ló ń bọ̀ yẹn. Bí nọ́ńbà bá ń yí dáadáa, wọ́n máa ń kọjá lára ara wọn ni. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ náà bá gùn gan-an, tàbí tó ti sún mọ́ jù, ewu ṣì lè wà.

Òfin àgbáyé ti 1972 sọ ẹni tó máa yà. Bí ọkọ̀ ẹ́ńjìnì méjì bá fẹ́ gba iwájú ara wọn kọjá, èyí tó rí ẹnì kejì lápá ọ̀tún ló máa yà. Lóru, iná pupa ọkọ̀ kejì ló máa rí. Kó tètè yà, kó sì yà púpọ̀. Yíyà dígírì 5 ní díẹ̀díẹ̀ burú, torí ẹnì kejì kò ní rí i pé nǹkan yí padà. Bí ohun tí ẹnì kejì ń ṣe kò bá yé e, kó fun fèrè kúkúrú, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀marùn-ún, léraléra. Kó máa gbọ́ ìkànnì 16 lórí rédíò VHF tí àwọn ọkọ̀ fi ń pe ara wọn, ṣùgbọ́n dídúnàádúrà lórí rédíò ń jẹ àkókò.

Láàárín èyí, yóò máa fi bí ilẹ̀ ṣe jìnnà tó lórí rédà (ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò rí ohun tó wà lókèèrè) yẹ GPS (ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà) wò. Bí ọyẹ́ bá bo ojú òkun, kó pe ọ̀gá ọkọ̀ kíá. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Bí oorun bá gbé ọ́físà tó ń ṣọ́ ọkọ̀ lọ ńkọ́? (Ònkàwé kan, Ṣágámù)

ÌDÁHÙN: Aago kan wà tó gbọ́dọ̀ máa tẹ̀, ìṣẹ́jú 3 sí 12 ni wọ́n máa ń yí i sí. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́, iná á ṣẹ́jú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 15, á dún ní yàrá ìdarí. Lẹ́yìn 15 mìíràn, á dún ní yàrá ọ̀gá ọkọ̀ tàbí ti ọ́físà mìíràn. Atukọ̀ kan náà gbọ́dọ̀ máa bá a wòta lóru. Àmọ́ aago kì í ṣe oorun: ó kéré tán, wákàtí 10 ìsinmi nínú 24 lòfin wí. Ẹni tó ń fiṣẹ́ sílẹ̀ kò sì gbọdọ̀ gbé e fún ẹni tó ń tòògbé. Ọ̀gá ọkọ̀ ni kó pè.