Ẹ má dúró títí bí mo ṣe dúró

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, ma. Ẹ ní ọmọ yín obìnrin ti pé ọdún 7 ààbọ̀, ilé lẹ ti ń kọ́ ọ, ìwé kíkà ò tíì wọlé, bàbá ẹ̀ ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ pé tó bá yá á mọ̀ ọ́n, ẹ wá ń bèèrè pé ṣé kẹ́ ẹ gbé e lọ fún àyẹ̀wò dyslexia, ìyẹn ìṣòro tó máa ń jẹ́ kí ìwé kíkà le fún ọmọ bí orí ẹ̀ tiẹ̀ pé, ni àbí kẹ́ ẹ ṣì ní sùúrù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ yín, torí èmi náà ní sùúrù, mo ní in títí ọmọ mi ọkùnrin fi pé ọdún 9, ó sì ń dùn mí dòní.

Ohun tí ò jẹ́ kí n tètè rí i ni pé èmi gan-an ni mò ń bò ó mọ́lẹ̀. Níléèwé, tíṣà tó kó ọmọ 20 síwájú á rí i pé ẹnì kan ò bá àwọn tó kù rìn. Nílé, èmi àti ẹ̀ nìkan la wà nídìí tábìlì. Tó bá di ìṣirò, èmi ni mò ń ka ìbéèrè sí i létí, á sì dáhùn wéré, orí ẹ̀ pé gan-an; tó bá di ká kọ nǹkan, á máa sọ, èmi á máa kọ. Ọjọ́ kan ni mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo àwòrán inú ìwé ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni "pony", ó ní "pot". Mo gbé ọwọ́ kúrò, ó wo ẹṣin, ó ní "horse". Àṣé àwòrán ló ń kà látọjọ́ yìí.

Torí náà, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo yọ ọwọ́ yín. Ẹ má kà á fún un, ẹ má bá a kọ ọ́, kẹ́ ẹ máa kọ ohun tẹ́ ẹ bá rí sílẹ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ tó kà lókè ojú ìwé, tó bá fi máa dé ìsàlẹ̀, ó ti di àjèjì sí i? Ṣé inú máa ń run ún tẹ́ ẹ bá ti gbé ìwé jáde? Ti b àti d tó ń dàrú mọ́ ọn lójú, òun nìkan ò tó nǹkan, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ṣe é títí dé bí ọdún 7. Ẹ tún fi ìró bá a ṣeré. Mo ní kí tèmi sọ "bàtà", kó yọ b iwájú ẹ̀, kí ló kù? Àbúrò ẹ̀ ọmọ ọdún 5 ti pariwo "àtà!" láti kíṣìnnì. Òun ronú títí, ó ní "ẹsẹ̀".

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé àwọn tó ń sọ pé Yorùbá tá a pò mọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló fà á kò sọ òótọ́. Èdè méjì kì í fa dyslexia, àtimú ìró inú ọ̀rọ̀ ló ń ni ọmọ lára, nínú èdè méjèèjì. Àmọ́ ẹ sọ fún ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò pé Yorùbá lẹ̀ ń sọ nílé.

Tẹ́ ẹ bá ti ń kọ́ ọ ní ìró lẹ́tà dáadáa, lójoojúmọ́, fún bí oṣù 6, tí kò sì fẹ́ẹ̀ sún síwájú, tèmi ni pé ẹ lọ. Tó bá wà nínú ẹbí, ẹ má tiẹ̀ dúró tó bẹ́ẹ̀, torí ó máa ń rìn nínú ẹbí gan-an. Lẹ́yìn àyẹ̀wò ọmọ wa ni ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé olódo ni wọ́n ń pe òun ní pírámárì l'Abẹ́òkúta, pé òun ti lé lọ́dún 11 kí òun tó lè ka ojú ìwé kan tán. Ẹ rọra bi bàbá ọmọ yín pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó lè jẹ́ ohun tójú òun náà rí ló jẹ́ kó máa ní á mọ̀ ọ́n tó bá yá.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ etí àti ojú ẹ̀ wò. Ti owó, 1,600 dọ́là ni mo san, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ní Texas níbí tá a jọ wà, homeschool àti iléèwé àdáni, ọ̀kan náà ni lójú òfin, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ yìí fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní 1994, ó sì di dandan kí àwọn tó ń bójú tó iléèwé ìjọba ládùúgbò yín yẹ ọmọ wò lọ́fẹ̀ẹ́, bó ò tiẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Àyẹ̀wò ló jẹ́ ọ̀fẹ́ o, ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé e ò dá yín lójú tó bá ṣì ń kàwé nílé. Tíṣà tó mọ Orton-Gillingham, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ tó ní dyslexia ní ìró àti lẹ́tà ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, ni mo gbà, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, mo sì ń wò ó, mò ń kọ́ ọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọjọ́ tí èsì dé, ohun tí ọmọ mi bi mí ni pé, "Ṣé ó lórúkọ ni, Mọ́mì?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára gan-an.

Ẹ má pè wọ́n lórí fóònù, àwọn tí mo pè nítorí àbúrò ẹ̀ ní kí n kọ́kọ́ forúkọ ọmọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò pọn dandan. Ẹ kọ lẹ́tà tàbí ímeèlì sí ọ́fíìsì special education wọn, ìyẹn àwọn tó ń bójú tó ọmọ tó nílò ìrànwọ́ àkànṣe, pé ẹ fẹ́ kí wọ́n yẹ ọmọ yín wò fún dyslexia. Ọjọ́ iléèwé 15 ni wọ́n ní láti fi dá yín lóhùn, tẹ́ ẹ bá sì ti buwọ́ lùwé pé kí wọ́n ṣe é, wọ́n ní ọjọ́ iléèwé 45 láti parí ẹ̀. Ọjọ́ ìsinmi ò sí nínú ẹ̀, torí náà ẹ fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ tó dé ọwọ́ wọn síbi tí kò ti ní sọnù.